Kíkọ́ Wing Foil fún Ẹni tí Kò Gùn Ún Rí: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àgbàlagbà tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti rí àwọn tí ń fò lórí omi pẹ̀lú ìyẹ́ lọ́wọ́, tí ó sì fẹ́ mọ bí òun náà yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, ni a ní lọ́kàn bí a ti ń kọ àwọn ìdáhùn wọ̀nyí. Púpọ̀ nínú wọn bá ẹni tí ó wà níbòmíràn mu pẹ̀lú, ṣùgbọ́n etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹni tí ó ń gbé ní London lè lọ síbẹ̀ láàárọ̀ kí ó sì padà sílé lálẹ́.

Kí ni wing foil, kí ni ó sì ń gbé ènìyàn kúrò lójú omi?

Ohun mẹ́ta ni a ń lò. Èkíní ni wing, ìyẹ́ aláṣọ tí a fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú, tí a fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí okùn kan ṣoṣo sì so mọ́ ọrùn ọwọ́ tàbí ìbàdí ẹni tí ó ń lò ó. Èkejì ni pákó tí a ń dúró lé. Ẹ̀kẹta ni foil fúnra rẹ̀: òpó kan tí ó ti abẹ́ pákó wọ inú omi lọ, ọ̀pá gbọọrọ kan tí a dè mọ́ ìsàlẹ̀ òpó náà, ìyẹ́ ńlá kan níwájú ọ̀pá, àti ìyẹ́ kékeré kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí wing bá ti fa pákó títí ó fi ń sáré tó, omi tí ó ń ṣàn kọjá lára ìyẹ́ iwájú yóò máa gbé e sókè gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, pákó yóò sì kúrò lójú omi pátápátá. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ìdí nìyí tí ìyẹ́ kékeré tí a lè gbé sábẹ́ apá fi lè gbé àgbàlagbà láìjẹ́ pé ó ń sáré púpọ̀.

Níbo ni eré yìí ti ṣẹ̀ wá?

Erékùṣù Maui ní Hawaii ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ hàn jù lọ. Àwọn kan ti dán ìyẹ́ tí a ń fi ọwọ́ dì mú wò láti àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n pákó lásán wúwo jù fún agbára tí irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ ní. Nígbà tí foil wá gbilẹ̀, agbára díẹ̀ náà wá tó, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Duotone, Slingshot àti Naish sì gbé wing tiwọn wá sí ọjà ní 2019. Eré tuntun ni, nítorí náà ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí kò pẹ́ jù.

Ǹjẹ́ ó di dandan kí n ti mọ windsurf, kite tàbí surf tẹ́lẹ̀?

Rárá. Windsurf ni pákó tí a fi òpó àti aṣọ ìgbòkun sí lórí, kite ni èyí tí ìyẹ́ olókùn gígùn ń fà láti òkè, surf sì ni gígun ìgbì lórí pákó. Ẹni tí ó ti mọ windsurf yóò tètè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ẹni tí ó sì ti ń gun pákó surf kì yóò bẹ̀rù ohun tí ó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí pákó bá gbéra, gbogbo wọn ni yóò padà di akẹ́kọ̀ọ́. Windsurf ti mú kí ó mọ́ àwọn kan lára láti fi ìdí sẹ́yìn bí afẹ́fẹ́ bá le, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ni foil ń fẹ́ kí a tẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀gá nínú windsurf tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan rí fò kọjá wọn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ṣé ẹ̀wù ìléfòó kò tó?

Kò tó. Ẹ̀wù ìléfòó ń ran ẹni tí ó mọ omi lọ́wọ́, kò lè gba ipò ìmọ̀ yẹn. Ẹ óò jábọ́ sínú omi lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà ní wákàtí kan, orí yín yóò wọ abẹ́ omi, wing lè bo yín lójú nígbà tí ẹ bá jáde, ẹni tí jìnnìjìnnì bá sì bò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò lè kọ́ ohunkóhun. Ó yẹ kí ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ mítà 200 ó kéré tán, kí ẹ sì lè léfòó lórí ẹ̀yìn yín láìmira. Ọ̀pọ̀ wa ni a dàgbà nítòsí odò tàbí ọ̀sà láìkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, kò sì sí ìtìjú nínú rẹ̀. Àwọn ibi ìlúwẹ̀ẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní ẹ̀kọ́ fún àgbàlagbà. RNLI, ẹgbẹ́ adóòlà ẹ̀mí lójú òkun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1824, ń kọ́ni pé kí ẹni tí ó já sínú omi tútù lójijì fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ó dá orí sẹ́yìn títí etí rẹ̀ yóò fi wọ omi, kí ó sì dúró bẹ́ẹ̀ títí èémí rẹ̀ yóò fi balẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ẹ lọ fi dánra wò níbi tí omi ti gbóná ná.

Mo ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún. Ṣé ara mi yóò gbà á?

Bí orúnkún yín bá lè gbà kí ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ sì dìde láìdi nǹkan mú, ó ṣeé ṣe. Fífà tí wing ń fa apá kò pọ̀, nítorí pé bí ẹ bá tú ọwọ́ ẹ̀yìn sílẹ̀, agbára rẹ̀ yóò lọ lójú ẹsẹ̀. Èjìká àti ẹ̀yìn ni yóò ro yín ní ọjọ́ kejì.

Irú afẹ́fẹ́ wo ni ó yẹ kí n jáde nínú rẹ̀?

Ní ìbẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 12 sí 18 tí ó ń fẹ́ déédéé ni ó dára jù. Nọ́ọ̀tì kan jẹ́ kìlómítà 1.85 ní wákàtí kan, nítorí náà ohun tí à ń wá jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 22 sí 33 ní wákàtí. Bí kò bá tó 10, ẹni tí kò tíì mọṣẹ́ kò ní lè gbéra. Bí ó bá kọjá 20, wing ni yóò máa darí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wo ìròyìn ojú ọjọ́ lórí Windguru, Windy tàbí ti Met Office, nọ́ńbà méjì ni ẹ óò rí: ti afẹ́fẹ́ gan-an, àti ti ìgbà tí ó bá bínú fẹ́ lójijì. Bí èkejì bá fi púpọ̀ ju èkíní lọ, bíi 12 tí ó ń di 25, ẹ jókòó sílé.

Ibi tí afẹ́fẹ́ kọjú sí ṣe pàtàkì ju bí ó ti le tó lọ. Èyí tí ó ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ etíkun kọjá, tí ó sì tẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ilẹ̀, ni ó dára jù, nítorí pé yóò máa gbé yín padà sí èbúté bí ohun gbogbo bá bàjẹ́. Èyí tí ó ń fẹ́ láti orí ilẹ̀ lọ sójú òkun ni ọ̀tá. Etí omi yóò parọ́rọ́ lójú yín, kò ní sí ìgbì kankan, ẹ óò sì rò pé ọjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn; àwọn ilé àti igi ni ó dá afẹ́fẹ́ náà dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọ inú ní mítà 200 sí 300, yóò bá yín pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, yóò sì máa gbé yín lọ ṣáá. Ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ jáde nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsí ọkọ̀ adóòlà nítòsí. Láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá gan-an, ẹ dúró sí etíkun, kí ẹ sì máa yí orí díẹ̀díẹ̀ títí tí ìró rẹ̀ yóò fi dọ́gba nínú etí méjèèjì. Iwájú yín ni ó ti ń wá.

Wọ́n ní omi Poole Harbour kò jìn. Ṣé ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni fún apá kan ẹ̀kọ́ náà, rárá fún apá kejì. Poole Harbour ní Dorset jẹ́ omi gbalasa tí ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán. Ní apá tí a ń pè ní Whitley Lake, lẹ́bàá Sandbanks, àgbàlagbà lè dúró nínú omi tí yóò dé ìbàdí rẹ̀ lọ́nà jíjìn sí etí òpópónà, ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ windsurf fi fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ bí a ti ń lo wing lórí pákó tí kò ní foil kò lè rí ibi tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀: bí ó bá já bọ́, yóò dìde dúró, yóò sì rìn padà.

Ọ̀rọ̀ yí padà bí foil bá ti wọlé. Òpó sẹ̀ǹtímítà 75, pẹ̀lú ọ̀pá àti ìyẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ń fẹ́ omi tí ó dé àyà, nítorí pé nígbà tí ẹ bá jábọ́, pákó yóò sọ̀ kalẹ̀, foil yóò sì gún ilẹ̀. Bí eré bá ti wà lára pákó nígbà tí ìyẹ́ iwájú kan ẹrẹ̀ tàbí iyanrìn, pákó yóò dúró lójijì, ẹ̀yin yóò sì máa lọ. Nítorí náà, ẹ wo àkókò tí omi òkun ń kún àti ìgbà tí ó ń fà kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ má sì ṣe súnmọ́ ẹnu èbúté náà, níbi tí ọkọ̀ tí ń gbé mọ́tò ti ń fi ṣéènì fa ara rẹ̀ kọjá, nítorí pé omi ń ṣàn lọ́nà líle níbẹ̀.

Fún fífò gan-an, Portland Harbour nítòsí Weymouth bá a mu jù lójú tèmi. Omi ibẹ̀ jìn, ògiri òkúta sì dá ìgbì òkun dúró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje ọkọ̀ aláṣọ ti Olympics ní 2012. Ṣùgbọ́n wákàtí ìrìn àjò yín yóò pọ̀ sí i, nítorí pé ó jìnnà sí London ju Poole lọ.

Kí ni kí n rà, báwo ni kí ó sì ti tóbi tó?

Ẹ má ra ohunkóhun kí ẹ tó gba ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan, nítorí pé ohun èlò ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ẹ fi fọ́ ọ̀nà. Bí àkókò rírà bá wá tó, pákó ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ mú ìwọ̀n ara yín ní kìlógíráàmù, ẹ fi 30 sí 40 kún un, ìyẹn ni iye lítà tí ó kéré jù tí pákó yín gbọ́dọ̀ ní. Ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 80 yóò wá pákó lítà 110 sí 120, bí ó bá sì jẹ́ 130 kò burú. Àṣìṣe tí ó gbówó lọ́wọ́ ènìyàn jù nínú eré yìí ni kí olùbẹ̀rẹ̀ ra pákó lítà 85 nítorí pé olùtajà sọ fún un pé láìpẹ́ yóò mọṣẹ́ débi tí yóò fẹ́ èyí tí ó kéré. Pákó tí kò lè gbé yín léfòó nígbà tí ẹ dúró jẹ́ẹ́ yóò fi gbogbo ọjọ́ yín ṣòfò lórí dídúró lásán, àti pé pákó ńlá kì í pẹ́ kí ó tó rí ẹlòmíràn tí yóò rà á lọ́wọ́ yín.

Foil ni ó tẹ̀ lé e. Ìyẹ́ iwájú tí ó gbòòrò tó 1700 sí 2200 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin ni ó ń gbéra ní eré díẹ̀ tí ó sì ń dáríjì ènìyàn. Àwọn tínńrín tí ó gùn tí ẹ ń rí lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀gá ń fẹ́ eré púpọ̀. Òpó tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65 sí 75 dára fún ìbẹ̀rẹ̀, alumínìómù sì tó, ẹ kò nílò carbon, ohun líle tí ó fúyẹ́, ní ọdún àkọ́kọ́. Wing ló rọrùn jù láti yàn: fún ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 70 sí 85, wing mítà onígun mẹ́rin 5 yóò ṣiṣẹ́ nínú afẹ́fẹ́ nọ́ọ̀tì 15 sí 20, bí afẹ́fẹ́ ibi tí ẹ wà kì í bá sábà le, ẹ mú 6.

Ohun tí kò ṣeé fi falẹ̀ ni akoto, ẹ̀wù ìléfòó tí ó nípọn lára egungun ìhà, okùn tí ó so pákó mọ́ ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí, àti okùn tí ó so wing mọ́ yín. Láìsí okùn pákó, afẹ́fẹ́ yóò gbé pákó lọ kí ẹ tó lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀.

Ṣé kí n ra àlòkù?

Ẹ lè rà á, ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ wing náà kí ó le, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó sanwó, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ tú gbogbo bóòtù foil lójú olùtajà. Èyí tí kò bá ṣeé tú ti dípẹtà mọ́ inú alumínìómù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé òpó ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ọ̀pá ilé iṣẹ́ mìíràn.

Kí ni a ń ṣe ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́?

Orí ilẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá fò ó kọjá yóò kọ́ ọ nínú omi tútù pẹ̀lú omi iyọ̀ nínú imú. Ẹ di ọwọ́ wing tí ó wà níwájú rẹ̀ mú, ẹ gbé e sókè, ẹ sì jẹ́ kí ó fẹ́ bí àsíá láìfà yín. Ipò ìsinmi nìyẹn, ibẹ̀ ni ẹ óò máa padà sí nígbà gbogbo tí nǹkan bá dojú rú. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò fi ọwọ́ ẹ̀yìn mú ọwọ́ kejì. Bí ẹ bá fa ọwọ́ ẹ̀yìn súnmọ́ ara, aṣọ wing yóò kún, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bí ẹ bá tì í kúrò, agbára yóò jáde. Ọwọ́ iwájú ń sọ ibi tí wing kọjú sí, ọwọ́ ẹ̀yìn ń sọ iye agbára. Ẹ fi rìn lọ, ẹ fi rìn bọ̀, kí ẹ yípadà nípa gbígbé e kọjá lókè orí, kí etí rẹ̀ má ṣe kan ilẹ̀, nítorí pé bí etí rẹ̀ bá kan omi lọ́jọ́ iwájú, yóò dojú dé.

Ìgbésẹ̀ kejì ni pákó ńlá tí kò ní foil, tí ìkọ́ kan wà lábẹ́ àárín rẹ̀ kí ó má baà máa yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ sí àárín, ẹ gbé wing, kí ẹ lọ, kí ẹ sì padà lórí orúnkún. Bí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣáájú, ẹ jẹ́ kí wing fà yín dìde, kí ẹ má sì wo ẹsẹ̀ yín. Àwọn olùkọ́ kan máa ń yára fo ìgbésẹ̀ yìí nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ sanwó láti fò. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá lè lọ kí ó sì padà sí ibi tí ó ti gbéra lórí pákó lásán ti mọ ju ìdajì ohun tí ó ń wá. Ní Bìrìtéènì, RYA, ẹgbẹ́ tí ń bójú tó eré ọkọ̀ aláṣọ, ní ètò ẹ̀kọ́ fún wing, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí sì ni kí ẹ wá.

Báwo ni pákó ṣe ń gbéra, kí sì ni mo ń ṣe nígbà tí ó bá gbéra?

Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé orí ìlà àárín pákó. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò wà lókè òpó foil tàbí kí ó ṣáájú rẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú yóò sì jìnnà sí i bí èjìká ti fẹ̀ tó. Ẹ jẹ́ kí pákó máa lọ ní ìbú afẹ́fẹ́, kí ẹ wá yí imú rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, kí ẹ sì fi wing fẹ afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta pẹ̀lú apá tí ó nà dáadáa. Eré yóò pọ̀ sí i. Ẹ óò kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i: ìró omi tí ó ń gbá abẹ́ pákó yóò dá dúró lójijì, ohun tí ẹ óò sì máa gbọ́ kò ju ìró tẹ́ẹ́rẹ́ tí òpó ń ṣe bí ó ti ń la omi lọ.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló ń ba àwọn olùbẹ̀rẹ̀ lẹ́rù. Ẹ̀rù á mú wọn fà sẹ́yìn; ìwọ̀n ara á bọ́ sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn; imú pákó á dìde sí i; foil á gòkè títí ìyẹ́ iwájú á fi yọ sójú omi, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ rẹ̀, agbára tí ó ń gbé e á sì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ á wó. Nítorí náà, bí pákó bá ti ń dìde, ẹsẹ̀ iwájú ni kí ẹ tẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ẹ kò fẹ́ kí ó gòkè rárá. Orúnkún kò gbọ́dọ̀ le gbagidi, ojú yín sì ní láti máa wo ibi tí ẹ ń lọ. Ní àwọn ìgbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbéra díẹ̀, kí ẹ sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ iwájú tẹ̀ ẹ́ padà sójú omi, lọ́pọ̀ ìgbà, kí sísọ̀kalẹ̀ lè mọ́ yín lára kí ẹ tó máa wá gíga.

Bí ẹ bá ń tẹ ẹsẹ̀ iwájú pẹ̀lú gbogbo ara tí ó sì ń gòkè síbẹ̀, ẹ fa foil sẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà kan nínú ojú ọ̀nà tí ó wà lábẹ́ pákó. Bí ẹ bá sì ń sáré tó tí kò gbéra, ẹ tì í síwájú.

Ìyẹ́ foil yìí mú. Ṣé kò ní gé mi?

Ó lè gé yín, ó sì ti gé àwọn ènìyàn. Òfin rẹ̀ ni pé bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ fẹ́ jábọ́, ẹ tètè fò kúrò sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ má sì du pákó, kí ẹ fi àyà tàbí ẹ̀yìn bọ́ sórí omi ní pẹlẹbẹ, láìta ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹni tí ó ń jà títí di ìgbẹ̀yìn ni ó ń já bọ́ lé foil lórí. Nígbà tí ẹ bá ń jáde láti inú omi, ẹ fi apá kan bo orí. Lórí ilẹ̀ pẹ̀lú, ẹ gbé pákó ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú foil tí kò kọjú sí ara yín tàbí sí ọmọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gùn ún níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wẹ̀.

Kí ló dé tí mo fi ń jìnnà sí ibi tí mo ti gbéra, tí n kò sì lè padà?

Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é, wọn a sì fi ẹsẹ̀ rìn padà létí omi pẹ̀lú pákó lábẹ́ apá. Ìgbàkígbà tí ẹ bá jábọ́, afẹ́fẹ́ ń gbé yín lọ díẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra, ẹ ń tẹ̀ sí ìhà ibi tí ó ń lọ. Kí ẹ lè gòkè padà sí ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ẹ fi etí pákó tẹ̀ sí ìhà yẹn, ẹ yí èjìká àti ojú sí i, kí ẹ sì rọra fa ọwọ́ ẹ̀yìn. Ẹ má jẹ́ kí imú pákó kọjú sí afẹ́fẹ́ tán, nítorí pé eré yóò kú. Kí ẹ tó wọ omi, ẹ yan ohun kan létí òkun tí ẹ kò ní kọjá, bíi igi tàbí ilé kan. Bí ẹ bá ti dé ọ̀gangan rẹ̀, ẹ jáde.

Bí afẹ́fẹ́ bá kú, tàbí nǹkan bá já, nígbà tí mo wà lójú omi ńkọ́?

Ẹ má fi pákó sílẹ̀. Òun ni ó ń léfòó, òun sì ni àwọn adóòlà lè rí láti òkèèrè. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá kù, ẹ dojúbolẹ̀ lórí pákó, ẹ di iwájú wing mú, kí ó máa fà yín lọ sí ilẹ̀. Bí kò bá sí rárá, ẹ gbé wing lé ẹsẹ̀ tàbí sórí pákó, kí ẹ fi ọwọ́ tu omi. Bí ó bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kí ẹ sì ká a. Ẹ máa mú fóònù lọ́wọ́ nínú àpò tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ pe 999, kí ẹ sì béèrè fún Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Ẹni tí kò ní fóònù yóò na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí ó máa gbé wọn sókè, kí ó máa rọ̀ wọ́n sílẹ̀. Àmì ìpè fún ìrànlọ́wọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ nìyẹn. Kí ẹ sì ti sọ fún ẹnì kan létíkun ìgbà tí ẹ ó padà.

Ta ni ó ní ọ̀nà bí àwa méjì bá pàdé?

Bí ẹ bá dojú kọ ara yín, ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù ní apá ọ̀tún rẹ̀ ni ó ní ọ̀nà. Ẹnì kejì yóò yà. Bí ẹ bá ń lọ sí ọ̀nà kan náà, ẹni tí ó súnmọ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ni yóò yà fún ẹnì kejì, ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọjá láti ẹ̀yìn ni kí ó fi àyè sílẹ̀. Ẹ jìnnà sí ọkọ̀ ńlá pátápátá, òfin yòówù tí ìbáà wà.

Òtútù ńkọ́?

Omi òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá sí nǹkan bí 8 sí 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ìparí ìgbà òtútù, ó sì ń dé 17 tàbí 18 ní oṣù August. Wetsuit, aṣọ rọ́bà tí ń dá òtútù omi dúró, tí ó nípọn ní mìlímítà 3 tàbí 4 tó fún ìgbà ooru. Ní ìgbà òtútù, ẹ fẹ́ 5, pẹ̀lú bàtà, ìbọ̀wọ́ àti ìbòrí. Bí ọwọ́ yín kò bá lè di ọwọ́ wing mú dáadáa mọ́, ó ti pẹ́ tí ó yẹ kí ẹ ti jáde.

Báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí n tó lè fò?

Lábẹ́ olùkọ́ tó dára, pẹ̀lú pákó ńlá àti afẹ́fẹ́ tó tọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbéra fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láàrin ẹ̀kọ́ mélòó kan. Láti fò lọ, kí a yípadà, kí a sì fò bọ̀ sí ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ láìwọ omi jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì lè gba gbogbo ìgbà ooru kan fún ẹni tí ó ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń fi ọkọ̀ ojú omi fa akẹ́kọ̀ọ́ lórí foil, tàbí kí wọ́n fún un ní pákó foil tí ó ń lo bátìrì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè mọ foil láìsí wing. Bí owó bá wà, wákàtí kan irú rẹ̀ yóò ké ọ̀nà kúrú gan-an.

Tí mo bá lọ sílé, ṣé mo lè ṣe é ní Èkó?

Òkun tí ó dojú kọ Èkó kì í ṣe ti olùbẹ̀rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ ń wó lulẹ̀ létí iyanrìn gan-an, ìṣàn omi rẹ̀ sì le. Foil tí ìgbì bá gbé jù sórí iyanrìn pẹ̀lú ènìyàn lórí rẹ̀ kò ní mú ire wá. Tarkwa Bay, tí ògiri òkúta ẹnu èbúté dáàbò bò, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń gun surf láti ìgbà pípẹ́, sàn ju ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti lè dá padà wálé ni kí ó lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ ibẹ̀ tí wọ́n mọ omi náà. Ọ̀sà parọ́rọ́ lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ewéko orí omi, ọ̀rá àti àwọ̀n apẹja pọ̀ nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ń lọ́ mọ́ foil; bí èyíkéyìí bá há sí i nígbà tí ẹ ń fò, yóò dá yín dúró lójijì.

Báwo ni mo ṣe ń tọ́jú ohun èlò náà?

Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó lọ sílé, kí ẹ sì tú foil sí wẹ́wẹ́, nítorí pé bóòtù irin tí ó bá wà nínú alumínìómù pẹ̀lú omi iyọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè má tú mọ́ láéláé. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa ẹnu bóòtù kí ẹ tó dì í padà. Wing kò fẹ́ oòrùn: ẹ má fi í sílẹ̀ létí òkun pẹ̀lú afẹ́fẹ́ nínú nígbà tí ẹ ń jẹun, kí ẹ gbẹ ẹ́ kí ẹ tó ká a, kí ẹ sì fi iyanrìn tàbí àpò ẹrù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ kò bá dì í mú, torí pé wing tí afẹ́fẹ́ bá ká lọ lórí òkúta kì í padà láìya.